Òwú Pupa Létí Aṣọ Ọlábímtán

Òkú Baba Ọlábímtán nà gbalaja lórí ẹní. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Ìgò kékeré kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ìgò náà ti ṣófo.

Ohun tí gbogbo abúlé rí nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó wá òmíràn.

Ọyẹ́ ọdún tí ọbabìnrin òyìnbó wá sí Nàìjíríà ni. Ní ilẹ̀ Bùnù, lẹ́yìn Òkè-Bùkún, eruku ti bo ṣóńṣó àwọn òkè, èéfín igbó jíjó sì ń tẹ̀lé èèyàn wọ inú yàrá. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ rí, bó bá gbọ́ òórùn koríko jíjó níbikíbi láyé, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò padà sí.

Kí Sájẹ́ǹtì Philip Bámgbóṣé tó gun kẹ̀kẹ́ dé láti Kàbà, wọ́n ti so ọmọkùnrin kan mọ́ ìdí máńgòrò. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i nímú. Awò ojú rẹ̀ ti fọ́ lápá kan. Olúbọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Bùkún tó ń kàwé ní yunifásítì nílùú òyìnbó. Ilé ìwé rẹ̀ ló ní kó wá kó èso ìtàkùn tí àwọn ọdẹ fi ń ṣe oró ọfà, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èso náà ń gbó.

“Ta ló so ó?” Sájẹ́ǹtì bi wọ́n.

“Àwa ni!” Obìnrin kan já jáde láàrin èrò. Theresa ni, ọmọ olóògbé. “Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá a létí. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀! Ó gbé oró wá láti òkè òkun, ó wá fi bàbá mi dán an wò, bí ẹni tó ń fi eku dán pàkúté wò!”

“Ẹ tú u.”

“A ò tú u!”

Ọkùnrin onínúfùfù ni Bámgbóṣé, ṣùgbọ́n kì í pariwo. Bí inú bá ṣe ń bí i tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó.

“Bó bá jẹ̀bi, okùn ìjọba ń bẹ fún un. Tiyín yìí, okùn ewúrẹ́ ni. Ẹ tú u.”

Wọ́n tú u. Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀. “Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ ojú omi mi máa kúrò l'Ékòó lọ́sẹ̀ yìí. Bí mi ò bá bá a lọ, mi ò ní bá ìdánwò àṣekágbá. Ìjọba ò sì ní sanwó ẹ̀kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ọrùn rẹ ni kó o kọ́kọ́ rò,” Sájẹ́ǹtì wí. “Ìwé kò wúlò fún ẹni tí kò lọ́rùn.”

Ó wọlé.

Adétutù, ìyàwó kékeré olóògbé, jókòó sẹ́bàá ẹní, ojú rẹ̀ wú. Ohun mèjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: akèrègbè omi kan, àti igbá ọtí bàbà kan tó kù díẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Kò sí nǹkan. Ó ti ìka bọ ọtí, ó fi kan ahọ́n. Ó tutọ́ síta. Ó wo igbá náà bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ ọjọ́ pípẹ́. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní Ògìdì, lẹ́bàá Kàbà.

“Ta ló ti fọwọ́ kan ìwọ̀nyí láàárọ̀ yìí?”

“Kò sẹ́nìkan. Ìgò ni wọ́n rí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.”

Ó da ọtí tó kù síta láti ojú fèrèsé, ó kó igbá àti akèrègbè sínú àpò. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mú nǹkan.”

Ó gbé ìgò. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìderí rọ́bà wà lórí rẹ̀, òrùka irin sì de ìderí náà mọ́lẹ̀ pinpin. Ojú òrùka náà kò já. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo orí rọ́bà náà dáadáa, ó fi sápò.

Lẹ́yìn náà ó gbé apá òkú. Lókè apá òsì, òwú funfun bíńtín kan lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ló dè é. Sájẹ́ǹtì fi imú sún mọ́ ọn.

“Baba wẹ̀ lánàá?”

“Ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi gbígbóná. Èmi ni mo fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn àti apá rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ìsìn àdúrà. Nígbà tí mo dé, ó ti sùn. Mo rò pé ó ti sùn ni...” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ọtí yẹn ńkọ́?”

“Èmi ni mo pọn ọ́n. Mo gbé e sílẹ̀ fún un kí n tó jáde.”

“Ṣé o máa ń jẹ ẹran ìgbẹ́?”

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè. “Ìyàwó ọdẹ ni mí, ọmọ ọdẹ ni mí. Ẹran wo ni mo tún fẹ́ jẹ?”

Sájẹ́ǹtì ń tẹ́ aṣọ bo òkú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan létí aṣọ náà. Baba ti di nǹkan síbẹ̀. Ó tú u. Òwú pupa ni, ó lọ́ pọ̀ bí irun àgùntàn. Láàrin rẹ̀, okùn ìránṣọ dúdú kan lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀.

Ó dá a padà sínú kókó, ó gé etí aṣọ náà, ó mú un dání.

*

Ó mú Olúbọ̀dé lọ sẹ́yìn àká.

“Kí lo ń kọ́ gan-an?”

“Famakọ́lọ́jì, sà.”

“Kí wọ́n máa po oògùn nìyẹn.”

“Rárá, sà. Àwọn apoògùn yàtọ̀. Tiwa ni ká mọ ohun tí oògùn ń ṣe bó bá ti wọ ara. Ibo ló gbà wọlé, ibo ló dé, kí ló bàjẹ́ tàbí tún ṣe níbẹ̀, ibo ló gbà jáde.”

“Bí ọlọ́pàá tó ń tọpa olè.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ kò jẹ́. “Baba Ọlábímtán fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní mo wọ bàtà lọ sílùú òyìnbó lọ kọ́ ohun tí ọdẹ ń kọ́ ọmọ rẹ̀ láàrin ọ̀nà oko. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ṣùgbọ́n òun ló mú mi wọgbó. Òun nìkan ló gbà.”

“Ìgò yìí?”

“Tèmi ni. Ohun tí wọ́n yọ lára èso kan náà, tí wọ́n sẹ́ mọ́ nílé ìwé wa, ló wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ọ̀hún ń fi bíńtín rẹ̀ gún àwọn tí ọkàn wọn ń rọ. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn á dúró. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé oògùn, pẹ̀lú èso tí mo ti kó jọ. James dìsípẹ́ńsà ní kọ́kọ́rọ́, èmi náà ní.”

“Ta lo sọ agbára rẹ̀ fún?”

“Baba mọ̀. Ìbítóyè, ọmọ àbúrò Baba, wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. James náà bi mí, mo sì ṣàlàyé.”

“Gbogbo rẹ̀?”

Ọmọkùnrin náà ronú. “Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Àwọn aláìsàn dé, a ò parí ọ̀rọ̀ náà.”

“Ṣé o máa ń jẹ ẹran ìgbẹ́?”

Olúbọ̀dé gbójú sókè. Ojú rẹ̀ yí padà. “Mo ń jẹ ẹ́, sà,” ó rọra wí. “Èyí tí ọfà olóró pa náà.”

“Pa ẹnu mọ́,” Sájẹ́ǹtì wí.

*

Ìbítóyè wà nílé òfì rẹ̀. Ọdẹ ni, ahunṣọ sì ni. Aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí ará Bùnù fi ń sin ẹni ńlá, wà lórí òfì, ó ti hun ún dé ìdajì. Ó pupa bí ọgbẹ́.

“Ta lò ń hun èyí fún?”

“Fún òun náà. Fún Baba. Ó ti dàgbà, mo fẹ́ kó wà nílẹ̀ de ọjọ́ rẹ̀.” Ó nu imú. “Ọjọ́ náà yá ju òfì lọ.”

“Ibo lo ti rí òwú pupa?”

“Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin náà. Ṣé a ń gbin òwú pupa ni? Kúbùsù òyìnbó la máa ń tú. Àtìgbà àwọn bàbá wa ni.”

“Kúbùsù ta?”

Ìbítóyè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yẹ ọ̀kọ̀ tó fi ń gba òwú kọjá wò, bí ẹni pé kò rí i rí. “Èyí tó gbó.”

“Mo gbọ́ pé ìwọ àti Baba jà níbí.”

“Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.”

“Baba ti kú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni báyìí.”

“Ó wọlé, ó rí nǹkan nínú agbọ̀n òwú mi, ó mú un. Ó pè mí ní orúkọ tí n kò ní tún sọ. Ó ní kí n ṣe aṣọ náà tán kí n fi sin ara mi.” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò wá láti ilẹ̀ yìí...”

“Ọmọ Ògìdì ni mí. Má gbé e gba ibẹ̀. Ta ló ta kúbùsù fún ọ?”

Ìbítóyè yíjú sí òfì. Sájẹ́ǹtì kò sì bi í léèrè ẹran ìgbẹ́. Ẹsẹ̀ èkìrì gbígbẹ mẹ́ta kọ́ lókè orí rẹ̀ nínú èéfín.

*

Ilé oògùn náà wà ní ìkóríta, ó jìnnà díẹ̀ sí abúlé. Wọ́n kùn ún lẹ́fun dáadáa. James dìsípẹ́ńsà náà mọ́ bí ilé rẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, irun tí ó fi ìyarun là sí méjì.

Inú yàrá àwọn aláìsàn ni Sájẹ́ǹtì ti kọ́kọ́ dúró. Àwọn ọmọdé wà lórí ẹní lásán. Ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ̀kan ń wúkọ́, àwọn tó kù ká kò bí ìgbín. Ìyá kan ti bọ́ ìró rẹ̀ bo ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ìjọba ò fún yín ní kúbùsù?”

“Wọ́n fún wa,” James wí. “Àwọn ará oko yìí ló ń jí wọn lọ. Ẹ mọ̀ wọ́n.”

“Mo mọ̀ wọ́n. Ìgbà wo lo gún Baba Ọlábímtán lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn?”

“Abẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò dé abúlé wọn látìgbà náà. Ikú burúkú ni o. Mo kìlọ̀ fún ọmọ yẹn pé kó má fi oògùn òyìnbó ṣeré láàrin àwọn tí ojú wọn ò là. Ẹ ò ní jẹun?”

“Kí lẹ sè?”

“Ìrẹsì àti ẹja.”

“Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́?”

James rẹ́rìn-ín. “Èmi? Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí mi sí, Sájẹ́ǹtì, akọ̀wé ni bàbá mi. Ẹran tí wọ́n fi oró pa? Kí n jẹ ẹ́ kí n kú? Mi ò jẹ ẹ́ rí.”

“Tẹ̀lé mi dé abúlé,” Sájẹ́ǹtì wí. “Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ oògùn wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá mú ọmọ yẹn.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí James fi ní kó tún un sọ.

*

Gbogbo wọn péjọ sábẹ́ máńgòrò. Theresa dúró níwájú, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Olúbọ̀dé jókòó nílẹ̀. Ìbítóyè fara ti igi. James ń fi áńkáṣífì nu ọrùn.

Sájẹ́ǹtì jókòó lórí àpótí. “Òùngbẹ ń gbẹ mí,” ó wí. “Láti Kàbà wá síbí lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣeré.” Ó yọ akèrègbè àti igbá jáde nínú àpò, ó gbé wọn sílẹ̀. Ó gbé akèrègbè, ó mu ún. Kò sẹ́ni tó mira. Ó ní kí Adétutù bu ọtí bàbà sínú igbá. Ó gbé igbá sẹ́nu.

“Sájẹ́ǹtì! Ẹ má mu ún!”

James ni. Ó ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Sájẹ́ǹtì gbé igbá kúrò lẹ́nu.

“Kí ló dé?”

“Oró... oró ti wà nínú igbá yẹn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tó.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Gbogbo èèyàn ló mọ̀.”

“Èèyàn wo?” Theresa bi í. “Inú ìgò la mọ̀ pé oró wà. Ta ló dárúkọ igbá?”

“Adétutù, ta lo fi igbá hàn?” Sájẹ́ǹtì bi í.

“Kò sẹ́nìkankan,” Adétutù wí.

Sájẹ́ǹtì gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún tán. Àwọn obìnrin ké. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

“Mo ti fi iyanrìn bó o, mo sì fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n James gbà pé n ó kú síbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé, dìde. Ọ̀rọ̀ tó ò bá a parí, parí rẹ̀ fún un níṣojú wa.”

Olúbọ̀dé dìde. “Oró ọfà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ikùn kọjá,” ó wí. “Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń pani. Ìdí nìyẹn tí ẹran tí ọfà pa kì í fi í pa ẹni tó jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba inú igbá ọtí kan kò lè pa ọdẹ.”

“Ọmọdé Bùnù wo ni kò mọ ìyẹn?” Ìbítóyè pariwo. “Ahọ́n ni a fi ń tọ́ oró wò!”

“Ẹnìkan wà tí kò mọ̀ ọ́n,” Sájẹ́ǹtì wí. “Adétutù mọ̀ ọ́n. Ìbítóyè mọ̀ ọ́n. Olúbọ̀dé ń fi í gboyè. Nínú gbogbo àwọn tó mọ ibi tí ìgò wà, ẹnìkan ṣoṣo ló lè fi oró sínú ọtí kó sì rò pé a ó gbà pé ọtí náà ló pa Baba. Ẹni tí kò jẹ ẹran ọdẹ rí.”

Ó gbé ìgò sókè. “Ẹ wò ó. Òrùka irin rẹ̀ kò já. Kò sẹ́ni tó ṣí i dà á mu. Ojú abẹ́rẹ́ ló wà lórí rọ́bà rẹ̀. Òwú ilé oògùn ló lẹ̀ mọ́ apá Baba, ó ń rùn fún sípíríìtì. Ìyàwó rẹ̀ fi kànrìnkàn fọ apá náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó gún un dé lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà ìsìn àdúrà. James sọ pé òun kò wá láti ọ̀sẹ̀ kan.”

“Kí ni mo fẹ́ pa arúgbó fún?” James ké. “Kí ló ṣe mí?”

Sájẹ́ǹtì tú kókó aṣọ. Ó na òwú pupa náà sí Theresa.

Theresa gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tọ okùn dúdú náà, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Ẹnu rẹ̀ yà. Ohùn tó jáde kò jọ ti èèyàn.

“Ọwọ́ mi nìyí! Èmi ni mo rán an! Ẹ̀ta iná jó kúbùsù Rhoda ọmọ mi ní ilé oògùn, mo fi okùn dúdú dí i, nítorí mi ò ní pupa. Bàbá mi ló gbé àtùpà fún mi. Lọ́jọ́ kejì James ní òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́...” Ó nawọ́ sí James. “Ó ká a lára ọmọ mi. Ọmọ mi ń bèèrè rẹ̀. Ó ń sọ pé, ‘Ìyá, òtútù.’ Títí ó fi kú ló ń sọ ọ́!”

Ìbítóyè ti jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀. “James ní àwọn kúbùsù náà ti gbó,” ó ń wí. “Ó ní ìjọba ní kí wọ́n sun wọ́n. Mo rà wọ́n. Nígbà tí Baba bínú, ẹ̀rù bà mí, mo lọ sọ fún James pé Baba ti rí i, pé ó ń lọ bá D.O. òyìnbó ní Kàbà lẹ́yìn ọjọ́ ọjà. Èmi ni mo sọ fún un.”

James wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọ̀nà.

“Kúbùsù lásán!” ó bú jáde. “Ṣé nítorí kúbùsù ni kí wọ́n fi lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fi mí sẹ́wọ̀n? Àyà ọmọ yẹn ti bàjẹ́, ì bá kú náà ni! Mo lọ sọ́dọ̀ arúgbó, mo ní abẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó. Kò sọ pé òun mọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí. Ó na apá fún mi.”

Ọdẹ kì í jẹ́ kí ẹran mọ̀ pé òun ti rí i. Ohun tó pa Baba Ọlábímtán nìyẹn.

“O ń bọ́ aṣọ lára alààyè,” Theresa wí, “o ń tà á kí wọ́n fi wọ òkú.” Ó fò mọ́ ọn. Èrò tẹ̀ lé e. Ẹnìkan ti gbé okùn ewúrẹ́ dé.

Sájẹ́ǹtì bọ́ sáàrin. Ó ti fi ẹ̀wọ̀n sí James lọ́wọ́. “Mo ti sọ ọ́ fún yín láàárọ̀,” ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. “Okùn yìí kéré. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ síbi tí okùn tó tó o wà.”

*

Wọn kò fi aṣọ ìpo sin Baba Ọlábímtán. Àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ìtìjú ńlá ni, kí olórí ọdẹ wọlẹ̀ láìní pupa. Theresa ní kí ẹni tó bá fẹ́ pupa lọ wá ọ̀nà mìíràn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi dì í.

“Ó bínú lọ,” ó wí. “Ìbínú náà tó o láṣọ.”

Lọ́rí kọfí kan ń lọ sí Kàbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ibẹ̀ yóò gba ọ̀nà Èkó. Olúbọ̀dé ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí Theresa dé, agbọ̀n kan lórí. Kò kí i. Kò sọ “Okun” tí a fi ń kí ara wa nílé.

“Mo gbá ọ létí,” ó wí. “Mi ò ní bẹ̀ ọ́. Inú ṣì ń bí mi, mi ò tíì rí àyè ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.”

“Inú ń bí èmi náà, ìyá Rhoda.”

“Ó dáa. Má jẹ́ kó tán. Èso tí Baba ká fún ọ nìyí, láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bó o bá ti mọ ibi gbogbo tí oògùn ń gbà, padà wá jókòó sórí àga tí ẹni yẹn jókòó sí nílé oògùn.”

Lọ́rí gbéra. Olúbọ̀dé gbé agbọ̀n lé itan. Nígbà tí wọ́n kọjá ìkóríta, tí ẹfun ilé oògùn ti sọnù sínú eruku, ó ṣí i. Èso oró náà wà níbẹ̀ lódindi, ẹyọ kan kò ṣẹ́. Theresa ti tú aṣọ orí òfì Ìbítóyè. Gbogbo òwú pupa náà ló fi tẹ́ agbọ̀n, tó sì fi yí èso kọ̀ọ̀kan ká, kí òtútù ìlú òyìnbó má bàa mú un.